Kí Ni Wọ́n Ń Fi Ẹ̀jẹ̀ Wa Ṣe? Ìròyìn nípa Àwọn Ilé Ìwádìí Ìṣègùn ti Yunifásítì Ìbàdàn

  Nínú ìwé ìròyìn wa yìí ni a máa ń ka orúkọ àwọn tí ó bímọ, àwọn tí ó ṣe ìdána, àti àwọn tí ó papòdà. A máa ń bá àwọn ti àkọ́kọ́ yọ̀, a sì máa ń bá àwọn ti ìkẹyìn kẹ́dùn. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí kan àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí náà a bẹ̀ yín kí ẹ fi sùúrù kà á dé òpin.

Ìdílé kan wà láàárín wa tí a kò ní dárúkọ. Kí ọkọ àti ìyàwó tó fẹ́ ara wọn, wọ́n ṣe ohun tí gbogbo wa ń sọ pé kí ọ̀dọ́ máa ṣe: wọ́n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Ilé àyẹ̀wò kékeré kan ni wọ́n lọ, wọ́n sì fún wọn ní ìwé pé ọkọ jẹ́ AA, pé ìyàwó jẹ́ AS. Ọkàn gbogbo wa balẹ̀. A jó, a yọ̀, a náwó. Nígbà tí ó ku díẹ̀ kí ọmọ wọn kejì pé ọdún kan, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ó ń ké tọ̀sán-tòru. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti gbọ́ pé SS ni ọmọ náà, àti pé bàbá rẹ̀ kì í ṣe AA rárá. AS ni òun náà. Ọmọ náà wà láàyè, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ní ìpàdé wa, ìyá rẹ̀ dìde, ó béèrè ọ̀rọ̀ kan tí ẹnikẹ́ni kò lè dáhùn lójú ẹsẹ̀. Ó ní: “Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà lára wa nígbà náà, kí ni wọ́n fi ṣe? Ta ni ó wò ó?”

Ìbéèrè yìí ni ó jẹ́ kí a kọ ìròyìn yìí. A rò ó pé kí á mú àwọn ará wa yíká àwọn ilé ìwádìí tí ó wà lábẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn kan ṣoṣo, kí á lè mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí abẹ́rẹ́ bá ti jáde lára wa. Ti Ìbàdàn ni a mú, nítorí pé òun ni ó pẹ́ jù lọ ní Nàìjíríà, àti nítorí pé púpọ̀ nínú wa ni ó ti gbé aláìsàn wọ ọkọ̀ láti Kánò lọ sí ibẹ̀.

BÍ Ó TI BẸ̀RẸ̀

Ní ọdún 1948 ni ìjọba dá Yunifásítì Kọ́lẹ́jì sílẹ̀ ní Ìbàdàn lábẹ́ àbójútó Yunifásítì London, ìmọ̀ ìṣègùn sì wà lára àwọn ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà náà kò sí ilé ìwòsàn tí ó tó fún irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ ni wọ́n ń lò, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ní láti lọ sí London láti parí ẹ̀kọ́ wọn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1957 ni wọ́n ṣí ilé ìwòsàn ńlá tí gbogbo wa mọ̀ sí UCH. Ní ọdún 1960, ọdún òmìnira, ni àwọn dókítà àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ ní Ìbàdàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin jáde. Ní ọdún 1962 ni kọ́lẹ́jì náà di yunifásítì tí ó dá dúró.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni àwọn olùkọ́ ibẹ̀ ti rí i pé ìwé ìṣègùn tí wọ́n kó wá láti ìlú òyìnbó kò tó. Àwọn ìwé náà sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa àrùn tí ń ṣe ará London, wọ́n sì sọ díẹ̀ nípa èyí tí ń pa ọmọ ní Ọ̀jẹ́ tàbí ní Bẹẹrẹ. Ẹni tí bàtà ń ta lẹ́sẹ̀ ni ó mọ ibi tí ó ti ń ta á. Nítorí náà ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé ìwádìí lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kí á tó wọlé, ẹ jẹ́ kí á mọ ìyàtọ̀ méjì. Ilé àyẹ̀wò wà, ilé ìwádìí sì wà. Ilé àyẹ̀wò ni ó ń sọ ohun tí ó wà lára aláìsàn kan: ṣé ibà ni, ṣé ìtọ̀ ṣúgà ni. Ilé ìwádìí ni ó ń béèrè ìdí rẹ̀: èéṣe tí ibà yìí fi ń pa ọmọ ọwọ́ ju àgbà lọ? Àwọn oníṣòwò aṣọ wa ní Kwari yóò tètè mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó ń wọn ọ̀pá aṣọ fún oníbàárà ń ṣe iṣẹ́ kan. Ẹni tí ó jókòó ti kòtò aró ní Kofar Mata, tí ó ń wádìí ohun tí ó mú kí aró kan máa ṣí kí òmíràn má ṣí, iṣẹ́ mìíràn ni ó ń ṣe. Bí èkejì kò bá sí, èkíní kò ní mọ aṣọ wo ni kí ó tà.

ILÉ Ẹ̀JẸ̀

Ibi tí a ti ń wádìí ẹ̀jẹ̀ ni a ó kọ́kọ́ yà, nítorí ìbéèrè ìyá yẹn.

Nínú ẹ̀jẹ̀ ni èròjà pupa kan wà tí ń gbé afẹ́fẹ́ káàkiri ara. Ti ẹlòmíràn jẹ́ irú A, ti ẹlòmíràn jẹ́ irú S. Ní ọdún 1949, Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé bí a bá fi iná mànàmáná sí èròjà méjèèjì yìí, ìrìn wọn kì í dọ́gba. Orí èyí ni àyẹ̀wò jẹnotáìpù dúró lé. Wọ́n á kán ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sórí ohun pẹlẹbẹ kan bí ìwé, wọ́n á fi iná sí i, wọn á sì dúró. Irú A á sáré síwájú, irú S á fà sẹ́yìn. Bí ó bá jẹ́ ìlà kan ṣoṣo ní iwájú ni wọ́n rí, AA ni. Bí ó bá jẹ́ ìlà méjì, AS ni. Bí ó bá jẹ́ ìlà kan ní ẹ̀yìn, SS ni, èyí tí àwọn àgbà wa ń pè ní aromọléegun tàbí fòníkú-fọ̀ladìde.

Ẹ ó rí i pé iṣẹ́ náà kò ṣòro láti ṣàlàyé, ṣùgbọ́n ó rọrùn láti bàjẹ́. Bí iná bá lọ ní àárín iṣẹ́, bí omi oògùn tí wọ́n ń lò bá ti gbó, bí orúkọ tí a kọ sára ìgò kan bá yí mọ́ ti òmíràn, tàbí bí ẹni tí ń wò ó bá ń kánjú, irọ́ ni ìwé yóò sọ. Bákan náà, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn sí lára lè gba èsì tí kì í ṣe tirẹ̀. Èsì ìbéèrè ìyá yẹn nìyí, bí ó tilẹ̀ korò. A kò lè mọ èwo nínú ìwọ̀nyí ni ó ṣẹlẹ̀ sí wọn, ṣùgbọ́n a mọ̀ pé àyẹ̀wò ẹ̀ẹ̀kan ní ibì kan kò tó.

Ó tó bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà tí ó jẹ́ AS, ara wọn sì le. Bí AS bá fẹ́ AS, oyún kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá ní ni ó ní ìpín kan nínú mẹ́rin láti jẹ́ SS. Àwọn kan rò pé bí ọmọ kan bá ti jẹ́ SS, àwọn mẹ́ta tí ó kù ti bọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Oyún kọ̀ọ̀kan ni ó ń da ayò tirẹ̀, kò wo ti ẹni tí ó ṣáájú.

Èéṣe tí S fi pọ̀ láàárín wa báyìí? Ní ọdún 1954, A. C. Allison fi hàn láti inú iṣẹ́ tí ó ṣe ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà pé ibà kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ọmọ AS gbé ṣe bí ó ti ń ṣe àwọn ọmọ yòókù. Ohun tí ó ń dáàbò bo àwọn kan náà ni ó ń pa àwọn mìíràn lára. Ní Ìbàdàn, Lucio Luzzatto, ọmọ Ítálì, tí ó dé ní ọdún 1964, gbé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ lórí èròjà mìíràn tí wọ́n ń pè ní G6PD. Àwọn obìnrin kan wà tí ẹyọ ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ oríṣi méjì: òmíràn ní G6PD tí ó pé, òmíràn kò ní in tó. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo ẹ̀jẹ̀ irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ nígbà tí ibà ń ṣe wọ́n, wọ́n sì rí i pé kòkòrò ibà pọ̀ nínú ẹyọ ẹ̀jẹ̀ tí ó pé ju èyí tí kò pé lọ. Ní ọdún 1969 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, gbogbo ayé sì kà á.

Ẹ̀yin ìyá ọmọ, ẹ dúró díẹ̀ síbí. Ọmọ tí G6PD rẹ̀ kò pé, tí ó pọ̀ láàárín wa, pàápàá láàárín àwọn ọmọkùnrin, kò gbọdọ̀ fara kan káńfọ̀, ìyẹn bọ́ọ̀lù funfun tí a ń kó sínú àpótí aṣọ kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Òórùn rẹ̀ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà máa fọ́, kí ojú rẹ̀ pọ́n bí òdòdó, kí ibà apọ́njú náà sì dé ọpọlọ rẹ̀. Ẹ má ṣe kó aṣọ ọmọ tuntun pamọ́ pẹ̀lú káńfọ̀. Bí ojú tàbí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ tuntun bá ń pọ́n, ẹ má ṣe dúró de oòrùn àárọ̀. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ ní ọjọ́ náà gan-an.

ILÉ ÀWỌN TÍ Ń WO ẸRAN ARA

Láti ibẹ̀ a ó lọ sí ibi tí wọ́n ti ń gé ẹran ara pẹlẹbẹ bí ewé, tí wọ́n ń fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó. Níbẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n George Edington ti ṣiṣẹ́. Ní ọdún 1960 ni ìwé àkọsílẹ̀ àrùn jẹjẹrẹ bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, tí wọ́n ń kọ gbogbo ẹni tí àrùn náà bá ṣe ní ìlú náà sílẹ̀, ọkùnrin àti obìnrin, àgbà àti ọmọdé. Ó jẹ́ ọ̀kan lára irú rẹ̀ tí ó pẹ́ jù lọ ní Áfíríkà.

Ẹlòmíràn lè sọ pé kí ni ìwé àkọsílẹ̀ ń ṣe fún aláìsàn. Àwa tí a ń kọ ìwé esúsú mọ èsì rẹ̀. Ẹni tí kò bá kọ sílẹ̀ kò ní mọ ẹni tí ó jẹ gbèsè. Kí a tó bẹ̀rẹ̀ irú àkọsílẹ̀ báyìí, àwọn kan ń sọ pé jẹjẹrẹ kì í ṣe àrùn ènìyàn dúdú. Ìwé náà fi hàn pé ó ń ṣe wá, ó sì fi irú èyí tí ó ń ṣe wá jù hàn. Lẹ́yìn náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópadé, ẹni tí ó kọ́ ìṣègùn ní Ìbàdàn kí ó tó lọ sí Chicago, bá àwọn ará Ìbàdàn ṣiṣẹ́ lórí jẹjẹrẹ ọyàn. Iṣẹ́ wọn fi hàn pé ó máa ń tètè mú obìnrin wa, nígbà tí wọn kò tí ì dàgbà púpọ̀, àti pé irú èyí tí ó le ni ó máa ń pọ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin obìnrin wa, kókó inú ọyàn kì í ṣe ohun tí a ń fi aṣọ bò. Bí kò tilẹ̀ dun yín, ẹ lọ fi han dókítà.

ILÉ ÀWỌN FÁÍRỌ́Ọ̀SÌ

Fáírọ́ọ̀sì ni kòkòrò àrùn tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí awò lásán kò lè rí i. Láàárín ọdún 1960 sí 1970, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Àjọ Rockefeller ti Amẹ́ríkà, àwọn onímọ̀ ní Ìbàdàn ń mú ẹ̀fọn, eégbọn, àdán àti eku, wọ́n ń wá ohun tí ó wà nínú wọn. Ohun tí wọ́n rí ni wọ́n fi orúkọ ibi tí wọ́n ti rí i pè. Ẹni tí ó bá ṣí ìwé àwọn onímọ̀ ní London tàbí ní Japan lónìí yóò rí fáírọ́ọ̀sì Dugbe níbẹ̀, tí wọ́n rí lára eégbọn màlúù ní ọdún 1964. Yóò rí fáírọ́ọ̀sì Mọ́kọ́lá, tí wọ́n rí lára asín ní ọdún 1968. Yóò rí Iléṣà àti Igbó-Ọrà pẹ̀lú.

Ẹ wò bí ọ̀nà ti so wá pọ̀. Àwọn màlúù tí wọ́n ń pa ní Ìbàdàn, láti apá Àríwá wa níbí ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń lọ, ojú irin kan náà tí ó gbé àwọn bàbá wa wá sí Kánò ni ó sì ń gbé wọn lọ. Eégbọn kì í sanwó ọkọ̀. Fáírọ́ọ̀sì Mọ́kọ́lá jẹ́ ìbátan àrùn ajá dìgbòlugi, abẹ́rẹ́ dìgbòlugi tí a ní kò sì lè dí i lọ́nà. Ọpẹ́ ni pé ẹni tí ó tíì ṣe kò pọ̀. Ẹni tí ajá bá gé jẹ ní Sabon Gari, kí ó fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ó sì lọ gba abẹ́rẹ́ ní ọjọ́ náà. Bí ìwárìrì dìgbòlugi bá ti bẹ̀rẹ̀, oògùn kò sí mọ́.

Iṣẹ́ yìí léwu fún àwọn tí ń ṣe é. Ní ọdún 1969, nọ́ọ̀sì kan láti ìlú Lassa, ní ilẹ̀ Borno, ṣàìsàn, ó sì kú ní Jos. Nọ́ọ̀sì tí ó tọ́jú rẹ̀ kú pẹ̀lú. Ẹ̀ẹ̀kẹta wọn, tí wọ́n gbé lọ sí Amẹ́ríkà, yè. Ní Yunifásítì Yale, Jordi Casals tí ó ń wádìí fáírọ́ọ̀sì náà kó o, ẹ̀jẹ̀ nọ́ọ̀sì tí ó yè yẹn ni wọ́n sì fi tọ́jú rẹ̀ tí ó fi là á já. Òṣìṣẹ́ mìíràn ní ilé ìwádìí kan náà kó o, ó sì kú. Ẹni tí ó bá ń wo àwọn tí wọ́n wọ aṣọ funfun bí ẹni tí ń ṣeré, kí ó rántí èyí. Kí ó sì rántí láti máa bo gàrí rẹ̀, nítorí ìtọ̀ eku ni Lassa fi ń wọlé.

Ilé fáírọ́ọ̀sì ti Ìbàdàn àti ti Maiduguri ni wọ́n tún ń wo ìgbẹ́ àwọn ọmọ tí ẹsẹ̀ wọn ṣàdédé rọ, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ ni. Inú yìnyín ni wọ́n ń gbé e lọ láti gbogbo ìpínlẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé irú àrùn náà tí ó wà láti ayébáyé ti kúrò ní ilẹ̀ Áfíríkà wa. Bí kì í bá ṣe àwọn tí ń wo ìgbẹ́ ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ta ni ìbá lè búra pé ó ti lọ?

OÚNJẸ, OÒGÙN ÀTI ỌJỌ́ OGBÓ

Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣúntòkun, ọmọ Òkèmẹ̀sí, tí a bí ní 1935 tí ó sì kú ní 1995, ni ó gbajúmọ̀ jù lọ nínú àwọn tí ó wádìí iṣan àti ọpọlọ ní Ìbàdàn. Ó rí i pé ní Ẹ̀pẹ́ àti àyíká rẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ń kú tipiri, wọ́n ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ bí wọ́n bá ń rìn, ojú àti etí wọn sì ń kú lọ. Nínú ẹ̀jẹ̀ wọn ni ó ti rí àmì májèlé tí ó wà nínú ẹ̀gẹ́ tí a kò ṣe dáadáa. Àwọn tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ ń jiyàn bóyá ẹ̀gẹ́ nìkan ni ó fà á, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó jiyàn pé kí á má jẹ́ kí gàrí kan kí ó tó dé orí iná. Ẹ̀yin tí ń ra gàrí wá láti ilé, ẹ má jẹ́ kí owó pọ́ọ́kú mú yín ra èyí tí wọ́n fi ìkánjú yan.

Òun kan náà ni ó wà nídìí iṣẹ́ tí Ìbàdàn àti ìlú Indianapolis ní Amẹ́ríkà jọ ṣe lórí ṣíṣarán. Wọ́n wo àwọn arúgbó Yorùbá ní Ìbàdàn, wọ́n sì wo àwọn arúgbó ènìyàn dúdú ní Indianapolis, gbogbo wọn ti lé ní ọdún 65. Èsì tí ó jáde ní ọdún 2001 fi hàn pé ti Indianapolis ju ìlọ́po méjì ti Ìbàdàn lọ lọ́dọọdún. Ìran kan náà ni, ṣùgbọ́n oúnjẹ àti ìgbé ayé yàtọ̀. Kí àwa tí a ti kúrò nílé fi èyí ṣe àríkọ́gbọ́n.

Ní ti oògùn, ta ni nínú wa tí kò tíì fi kànrìnkàn họra lẹ́yìn tí ó lo chloroquine? Àwọn onímọ̀ oògùn ní Ìbàdàn, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Lateef Salako wà lára wọn, mú ọ̀rọ̀ ara yíyún náà ní òótọ́, wọ́n sì wádìí rẹ̀. Àwọn tí ó tẹ̀lé wọn ń ṣọ́ bí kòkòrò ibà ṣe ń borí oògùn náà díẹ̀díẹ̀. Ní ọdún 2005 ni ìjọba Nàìjíríà pa á tì, tí ó fi àdàlú oògùn tí ó ní artemisinin nínú rọ́pò rẹ̀. Irú iṣẹ́ báyìí ni ó ń fa irú ìyípadà bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀JẸ̀ YORÙBÁ KÁÀKIRI AYÉ

Nǹkan kan wà tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò gbọ́ rí. Ní ọdún 2002, àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tí wọ́n pè ní HapMap, láti mọ bí ohun àjogúnbá inú ara ṣe yàtọ̀ láti ẹnì kan sí ẹnì kejì. Ènìyàn 270 ni wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ wọn, láti Ìbàdàn, Amẹ́ríkà, Ṣáínà àti Japan. Àádọ́rùn-ún nínú wọn jẹ́ Yorùbá Ìbàdàn: ìdílé 30, bàbá, ìyá àti ọmọ kan tí ó ti dàgbà. Wọ́n tẹ èsì àkọ́kọ́ jáde ní 2005. Ẹ̀jẹ̀ náà wà ní ìpamọ́ ní ìlú Camden ní Amẹ́ríkà, láìsí orúkọ ẹnikẹ́ni lára rẹ̀, àwọn onímọ̀ gbogbo ayé sì ń lò ó títí di òní.

Kí wọ́n tó gbà á, wọ́n kọ́kọ́ bá àwọn ará àdúgbò jókòó, wọ́n ṣàlàyé, wọ́n sì gba ìbéèrè. Wọ́n tún fi ìkìlọ̀ sí i pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ẹni 90 wọ̀nyí dúró fún gbogbo Áfíríkà. Èyí dára. Bí a bá fẹ́ wọ yàrá ẹni, a máa ń kan ilẹ̀kùn.

ÈYÍ TÍ KÁNÒ KÒ LÈ GBÀGBÉ

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó ń kan ilẹ̀kùn. Ní ọdún 1996, àrùn yínrùnyínrùn, tí àwọn Hausa ń pè ní sankarau, jà gan-an ní Kánò. Ilé iṣẹ́ Pfizer ti Amẹ́ríkà wá, wọ́n sì dán oògùn tuntun tí wọ́n ń pè ní Trovan wò lára àwọn ọmọdé. Ọmọ 200 ni ó wà nínú ìdánwò náà, ìlàjì gba Trovan, ìlàjì gba oògùn mìíràn. Ọmọ mọ́kànlá kú, àwọn mìíràn sì di aláàbọ̀ ara. Àwọn òbí sọ pé a kò ṣàlàyé fún àwọn pé ìdánwò ni. Ilé iṣẹ́ náà sọ pé àwọn gba ìyọ̀ǹda, àti pé àrùn náà ni ó pa wọ́n. Ẹjọ́ náà pẹ́ nílẹ̀ kí wọ́n tó fi 75 mílíọ̀nù dọ́là parí rẹ̀ pẹ̀lú ìjọba Kánò ní ọdún 2009. Nígbà tí Kánò kọ abẹ́rẹ́ rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ ní ọdún 2003, ọ̀rọ̀ yìí wà lára ohun tí ó wà ní ọkàn àwọn ènìyàn. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, sísá ni yóò sá.

A kò sọ èyí láti dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. A sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé ẹ̀tọ́ wà. Lónìí, ìwádìí kankan kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ènìyàn ní UCH láìjẹ́ pé ìgbìmọ̀ tí ń ṣọ́ ẹ̀tọ́ àwọn aláìsàn ti wò ó, tí wọ́n sì fọwọ́ sí i. Bí wọ́n bá sọ fún yín pé ìwádìí ni àwọn fẹ́ ṣe, ẹ béèrè ohun mẹ́rin: kí ni ẹ fẹ́ wá? Kí ni ẹ ó fi ẹ̀jẹ̀ mi ṣe, níbo ni yóò sì wà? Ṣé ẹ ó sọ èsì rẹ̀ fún mi? Bí mo bá kọ̀, ṣé ẹ ó ṣì tọ́jú mi? Ẹni tí kò bá lè dáhùn ìbéèrè kẹrin yìí pé bẹ́ẹ̀ ni, ẹ dá abẹ́rẹ́ rẹ̀ padà fún un.

OHUN TÍ A BẸ̀ YÍN SÍ

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, Gómìnà ìpínlẹ̀ Kánò fọwọ́ sí òfin pé ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe ìgbéyàwó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò jẹnotáìpù, àrùn mẹ́dọ̀wú àti HIV. Ilẹ̀ tí a ń gbé ti sọ tirẹ̀. Ó kù kí àwa pẹ̀lú sọ tiwa.

Èkíní, kí ọ̀dọ́ tí ó bá fẹ́ gbéyàwó lọ sí ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún jẹnotáìpù, kí ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba tàbí ti yunifásítì. A kò ní láti lọ sí Ìbàdàn. Ilé Ìwòsàn Ìkọ́ni Aminu Kano wà ní ìlú wa níbí. Bí èsì méjèèjì kò bá dọ́gba, kí wọ́n lọ ṣe ẹ̀ẹ̀kẹta.

Èkejì, kí wọ́n ṣe é kí ìfẹ́ tó wọra tán, kì í ṣe lẹ́yìn tí a bá ti ra aṣọ ẹbí.

Ẹ̀kẹta, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìyá ọmọ SS ṣe ẹlẹ́yà, kí a má sì pe ọmọ náà ní àbíkú. Kì í ṣe àbíkú. Ọmọ wa ni, oògùn wà, dókítà wà, ó sì lè dàgbà kí ó ṣe ìyàwó tàbí kí ó lọ́kọ.

Ẹ̀kẹrin, ẹ̀yin òbí tí ẹ ní ọmọ tí ó mọ ìwé, dókítà nìkan kọ́ ni ó wà. A nílò àwọn tí yóò wo ìlà ẹ̀jẹ̀ náà láìkánjú. Bí ilé àyẹ̀wò tí ìdílé yẹn lọ bá ní ẹnì kan ṣoṣo tí ó ní sùúrù ní ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ ìbá yàtọ̀.

A ti padà lọ bá ìyá tí ó béèrè ọ̀rọ̀ náà, a sì ti ka ìròyìn yìí fún un kí a tó tẹ̀ ẹ́. Ó ní kí á tẹ̀ ẹ́. Ó sì ní kí á sọ fún yín pé ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, pé ó ń ka A, B, D, àti pé nígbà tí ó dé orí S, òun rẹ́rìn-ín, òun sì sunkún.

Kí Ọlọ́run kí ó dá àwọn ọmọ wa sí. Ó dìgbà kan ná.